Ẹ̀yìn Bíléèdì Ni Kí Ẹ Máa Wò

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ní kí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kú ìjókòó o. Sákúlà ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ̀rọ tí ayùn rẹ̀ yọrí lójú tábìlì, tí gbogbo wa fi ń la pákó. Alága ní kí n má jẹ́ kó ju wákàtí kan lọ. N ó gbìyànjú.

Ẹ wo ọwọ́ mi méjèèjì. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló pé. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń kà á láti ìgbà tí mo ti jókòó, nítorí bẹ́ẹ̀ làwa káfíńtà ń ṣe fún ara wa: a ó kọ́kọ́ ka ìka ẹni tó fẹ́ kọ́ wa níṣẹ́. Àmọ́ tí mo bá bọ́ ẹ̀wù, ẹ ó rí àpá kan lápá ọ̀tún ìdodo mi, ó gùn tó ìka ìfábẹ̀lá. Bíléèdì kọ́ ló ṣe é. Pákó ni.

Pákó igi ọpẹ́pẹ ni mo ń là lọ́jọ́ náà. Òde rẹ̀ gbẹ, inú rẹ̀ ṣì tutù, mo sì mọ̀. Mo ti là á kọjá ìdajì nígbà tí mo gbọ́ tí ohùn mọ́tọ̀ rẹlẹ̀, bí ẹni tó gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ojú ibi tí mo ti là lẹ́yìn ń pa dé díẹ̀díẹ̀, ó ń fún bíléèdì lọ́rùn. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n pa ẹ̀rọ. Mo tún tì í síwájú ni, nítorí ẹni tó ni iṣẹ́ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí mo tún mọ̀ ni pé mo wà nílẹ̀, ẹ̀wù mi ti ya, pákó sì ti gba ẹ̀gbẹ́ ara mi kọjá lọ lu páànù ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó há síbẹ̀. Ọwọ́ mi kò kan bíléèdì rárá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi pé iwájú bíléèdì ni gbogbo wa ń bẹ̀rù, a sì ń kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yìn yẹn gan-an ni pákó ti ń ta padà.

Ẹ fọkàn bá mi lọ. Eyín tó kọjú sí ẹ níwájú, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Bó ṣe ń gé igi, bẹ́ẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì, ìdí nìyẹn tí ọkàn wa fi máa ń balẹ̀. Ṣùgbọ́n bíléèdì, òbìrípo ni. Eyín tó wọlẹ̀ níwájú, ẹ̀yìn ni yóò ti jáde, òkè ló sì ń bọ̀. Tí igi bá kàn án níbẹ̀, kò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́. Yóò gbé e sókè ni, yóò sì gbé e gba orí bíléèdì wá fún ẹni tó dúró níwájú. Pẹ̀lú eré wo? Ọ̀pọ̀ mọ́tọ̀ tí à ń lò ń yí ìgbà 1,440 ní ìṣẹ́jú kan. Tí púlì ara mọ́tọ̀, kẹ̀kẹ́ kékeré tí bẹ́líìtì ń gbà, bá jẹ́ ínǹṣì 6, tí ti ara ṣàfúùtù, ọ̀pá irin tó gbé bíléèdì dúró, sì jẹ́ 3, ó di ìlọ́po méjì, 2,880. Lórí bíléèdì ínǹṣì 12, ẹnu eyín yóò máa sá mítà 46 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìyẹn lé ní kìlómítà 160 ní wákàtí. Ta ló máa dúró síwájú ọkọ̀ tó ń sá bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn?

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ púlì, ẹ jẹ́ n fi eléyìí kún un. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa bọ́ púlì 3 kúrò, ó fi 2 sí i kí iṣẹ́ lè yá. 1,440 lọ́nà mẹ́ta, 4,320 nìyẹn. Bíléèdì ínǹṣì 14 tó wà lórí rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ kọjá 4,200. Kò kà á. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára bíléèdì kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Tí o bá fẹ́ kí iṣẹ́ yá, lọ pọ́n eyín.

Ó dáa. Báwo ni igi ṣe ń dé ibi tí yóò ti kan eyín ẹ̀yìn? Ó lè jẹ́ pé igi fúnra rẹ̀ ló pa dé, bíi ti ọpẹ́pẹ mi. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù, àwa la tò ó bẹ́ẹ̀: bíléèdì àti gáìdì, ọ̀pá gbọọrọ tí a ń ti pákó gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíléèdì, kò dọ́gba. Gáìdì sún mọ́ bíléèdì lẹ́yìn ju bó ṣe sún mọ́ ọn níwájú, a wá ń ti pákó lọ sínú ẹnu tó ń fún. A ò rí i pẹ̀lú ojú lásán, nítorí iwájú nìkan la máa ń fi téèpù wọ̀n.

Sákúlà tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, wẹ́dà ló jó o. Mi ò bú u o, òun náà ni mo fi kọ́ ilé. Ṣàfúùtù rẹ̀ jókòó lé ilé bẹ́rìn méjì, bọ́ọ̀tì méjì méjì ló sì de ilé kọ̀ọ̀kan mọ́ férémù. Lójoojúmọ́ ni ẹ̀rọ ń gbọ̀n, lójoojúmọ́ sì ni bọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn ń tú díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bíléèdì tó dúró ṣánṣán lọ́jọ́ tí ẹ gbé e délé ti ń wo ẹ̀gbẹ́.

Báyìí ni mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mo kọ́kọ́ yọ wáyà kúrò lára iná. Kì í ṣe pé mo pa súwíìṣì. Mo yọ wáyà, mo sì gbé ẹnu rẹ̀ sórí tábìlì níbi tí ojú mi ti ń rí i. Mo gbé bíléèdì sókè dé ibi tó lè dé, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí eyín kan ṣoṣo. Mo yí eyín yẹn wá síwájú, mo gbé súkúíyà, rúlà oníigun tí a fi ń wọn nǹkan, sínú ojú ihò tí irin ìdábùú, èyí tí a fi ń ti pákó tí a fẹ́ gé ní ìdábùú, ń gbà lórí tábìlì, mo ti rúlà rẹ̀ títí ó fi kàn eyín náà fẹ́ẹ́rẹ́, mo dè é. Lẹ́yìn náà mo yí eyín yẹn kan náà lọ sẹ́yìn, mo gbé súkúíyà tẹ̀ lé e. Eyín kan náà ni o. Tí ẹ bá wọn eyín kan níwájú, tí ẹ wọn òmíràn lẹ́yìn, tí bíléèdì bá wá ti wọ́ díẹ̀, ẹ ó kàn máa wọn wíwọ́ rẹ̀ ni. Tí rúlà kò bá kàn án lẹ́yìn, mo fi ewé bébà fọ́tòkọ́pì kan sáàárín. Bébà yẹn kò ju ìdámẹ́wàá mìlímítà kan lọ. Tí ewé kan bá fún síbẹ̀, mo gbà á bẹ́ẹ̀. Tí ewé mẹ́ta bá wọ̀ ọ́, mo tú bọ́ọ̀tì ilé bẹ́rìn tó jìnnà sí bíléèdì, mo fi òòlù igi gbá a jẹ́jẹ́, mo dè é ní ààbọ̀, mo tún wọ̀n. Ìgbà mìíràn ó máa ń gba odidi àárọ̀ kan. Èyí tí wọ́n kó wá láti òkè òkun, abẹ́ tábìlì ni bọ́ọ̀tì tirẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni.

Ìgbà tí bíléèdì bá ti dúró dáadáa ni kí ẹ tó kan gáìdì. Ojú ihò kan náà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, níwájú àti lẹ́yìn. Tí kò bá ní ṣeé ṣe kó dọ́gba kanlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ìwọ̀n ewé bébà kan là sí i. Kó là ni mo wí. Tó bá fún, kódà kó jẹ́ ìwọ̀n irun orí, ẹ tú u. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kúláǹbù de pákó gígùn mọ́ tábìlì ṣe gáìdì, mo rí yín, mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹ ṣáà wọ̀n ọ́n nígbà méjì.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ irin kan báyìí tí n kò tíì rí lára sákúlà kankan tí wẹ́dà wa jó, àyàfi èyí tí mo ní kó jó fún mi. Irin pẹlẹbẹ ni, ó dúró gangan sẹ́yìn bíléèdì, ó tẹ̀ bí bíléèdì ṣe tẹ̀. Èmi ń pè é ní ọ̀bẹ ẹ̀yìn bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gé nǹkan kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dúró sínú ojú ibi tí ayùn ti là, kí igi má baà lè pa dé, kó má sì lè yà lọ kan eyín tó ń bọ̀ lókè. Tó bá jẹ́ pé ó wà lára ẹ̀rọ mi nígbà ọpẹ́pẹ yẹn, mi ò ní ní àpá. Wọn kì í ta ẹ̀rọ yìí ní Ìlú Ọba láìsí i. Ìtọ́sọ́nà wọn níbẹ̀ sọ pé àlàfo tó wà láàárín òun àti eyín kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 8 lọ níbi ojú tábìlì.

Sísanra rẹ̀ ṣe pàtàkì. Ó gbọ́dọ̀ nípọn ju awo bíléèdì, ìyẹn ara irin rẹ̀ láìka eyín, lọ, kó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju ojú tí eyín ń gé lọ. Tí awo bá jẹ́ mìlímítà 2.2, tí eyín sì ń gé 3.2, irin 2.5 dáa. Tó bá nípọn jù, igi kò ní kọjá; tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, kò ń ṣiṣẹ́ kankan. Ẹ sọ fún wẹ́dà pé kó fi bọ́ọ̀tì dè é, kó má jó o mọ́ ọn pa, kí ẹ lè sún un tí ẹ bá pààrọ̀ bíléèdì. Tó bá sì jẹ́ pé tábìlì yín ló ń lọ sókè sódò, tí ṣàfúùtù dúró sójú kan, ara férémù ni kó dè é mọ́, kì í ṣe ara tábìlì. Wẹ́dà tèmi kọ́kọ́ dè é mọ́ tábìlì. Mo gbé tábìlì sókè báyìí, ọ̀bẹ bá a lọ, bíléèdì kù sílẹ̀. Èmi àti ẹ̀ jọ rẹ́rìn-ín, ó sì tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná, èyí tí ìwé tí wọ́n ń kó pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ nínú páálí kì í sọ bó ṣe yẹ, nítorí àwọn tó kọ ọ́ kò bá Nẹ́pà gbé.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Pákó wà lẹ́nu bíléèdì, iná lọ. Ẹ̀rọ dúró. Ọmọ iṣẹ́ mí kanlẹ̀, ó kígbe “Nẹ́pà!”, ó gba ìsọ̀ ẹlẹ́wà lọ. Kò pa súwíìṣì, nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹ̀rọ dà bí pípa lójú rẹ̀. Ó jẹun tán, ó padà dé, ó rí pákó tó há, ó tẹrí ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú láti fà á yọ. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n mú iná dé. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ni, Ọlọ́run ló yọ ọ́: pákó há bíléèdì mọ́ débi pé mọ́tọ̀ kàn ń kùn ni, bẹ́líìtì ń rú èéfín, bíléèdì kò lè yí. Bí pákó yẹn bá fẹ́rẹ̀ díẹ̀ ńkọ́?

Lọ́jọ́ kejì ni mo lọ ra súwíìṣì oníbọ́tìnì méjì, aláwọ̀ ewé àti pupa, èyí tó ní irin tí iná fúnra rẹ̀ ń dì mú nínú. Tí iná bá lọ, irin náà á jábọ́. Tí iná bá padà dé, ẹ̀rọ kò ní yí àfi tí ẹnìkan bá tún tẹ àwọ̀ ewé. Owó rẹ̀ kò tó owó bíléèdì tuntun kan. Ẹni tí kò bá tíì ra á, kí ó fi ṣe òfin: iná lọ, ọwọ́ á kọ́kọ́ lọ sórí súwíìṣì kí ẹnu tó pariwo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo iná onílà mẹ́ta, tiyín tún ní ẹ̀ka kan sí i. Tí wọ́n bá wá tún tiransífọ́mà àdúgbò ṣe, tí wọ́n sì ṣèèṣì pààrọ̀ wáyà méjì síra wọn, mọ́tọ̀ yín á máa yí sẹ́yìn. Nọ́ọ̀tì tó di bíléèdì mú, wọ́n ṣe é kí yíyí bíléèdì máa fún un mọ́lẹ̀ sí i. Tó bá yí òdì, ó lè máa tú. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá ti gun òpó ládùúgbò, ẹ tan ẹ̀rọ láìsí pákó, kí ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ pa á padà kíá, kí ẹ sì wo bó ṣe ń rọlẹ̀. Ṣé ìsàlẹ̀ ni eyín iwájú ń lọ? Tó bá jẹ́ òkè, ẹ má fi igi kankan kàn án, ẹ pe ẹni tó ń ṣe iná.

Ọ̀rọ̀ igi àti eyín, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Eyín 24 fún lílà, 60 sókè fún gígé ìdábùú. Ẹni tó bá fi eyín 80 la pákó àfàrà tó nípọn, igi á jóná, á sì dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bíléèdì kò gbọ́dọ̀ ga ju kí eyín kan yọ lórí pákó lọ. Ìrókò ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Òkúta máa ń wà nínú rẹ̀, ó funfun bí ẹfun, ó sì le débi tó lè ká eyín bíléèdì sọnù. Tí ẹ bá rí ojú funfun kan lára pákó ìrókò, ẹ fi ẹnu ìṣó họ ọ́ wò. Pákó tí wọ́n yọ lára dẹ́kìn ilé, ẹ wá ìṣó inú rẹ̀ kí ẹ tó gbé e dé ibẹ̀.

Ẹ má fi ọwọ́ lásán la igi láìfi tì mọ́ gáìdì. Ẹ má lo gáìdì àti irin ìdábùú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti gé pákó kéékèèké, nítorí èyí tí ẹ gé yóò há sáàárín, yóò sì wá bá yín. Tó bá ti ku ẹsẹ̀ bàtà kan kí pákó parí, ọwọ́ ti kúrò níbẹ̀, ọ̀pá ni kẹ́ ẹ fi tì í. Ẹ kọ́ ọ sórí ìṣó lára ẹ̀rọ gan-an. Èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀, ẹnikẹ́ni kì í lọ mú un. Ẹ dúró sápá òsì bíléèdì tí gáìdì bá wà lápá ọ̀tún, kí ikùn yín má wà ní títọ́ rẹ̀. Mo mọ ohun tí mo ń sọ.

Ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Rárá. Mo rí àwọn tó ń wọ̀ ọ́ nítorí ẹ̀gún igi. Ẹ̀gún igi, ẹ ó fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́. Ìbọ̀wọ́ tí eyín bá fi kàn, gbogbo ọwọ́ ni yóò fà wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni apá bùbá, ẹ̀gbà ọwọ́ àti ṣéènì ọrùn. Ẹ̀yin obìnrin tó wà lára wa báyìí, inú mi dùn pé ẹ wà o, ẹ di gèlè tàbí irun yín mọ́lẹ̀ dáadáa.

Imú náà ń bẹ. Àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ìyẹ̀fun igi sínú àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ láti ọdún 1995. Imú ni ó sì máa ń bá jà jù. Aṣọ tí ẹ so mọ́ imú kò gba ìyẹ̀fun tó kéré jù lọ dúró, ẹ ra ìbomú gidi.

Ìtọ́jú ẹ̀rọ kò le. Bíléèdì tí oje igi bò kì í gé mọ́, ó ń jó igi ni, àwọn èèyàn á sì ní ó ti kú. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná tí ẹ po ọṣẹ ìfọṣọ sí fún ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ. Kẹrosíìnì náà ń ṣe é. Ojú tábìlì, ẹ fi àbẹ́là pa á, ẹ fi àkísà nù ún dán. Kò ní dógùn-ún nígbà òjò, pákó á sì máa yọ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí pákó kò bá yọ̀ lórí rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó máa fi agbára tì, ẹni tó bá sì ń fi agbára tì ni ọwọ́ rẹ̀ ń yẹ̀ sí bíléèdì. Irin tó ń gbé bíléèdì sókè, ẹ má fi gíríìsì kùn ún, ìyẹ̀fun igi á lẹ̀ mọ́ ọn di kókó. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń da epo pupa sórí ẹ̀rọ lọ́dọọdún fún Ògún, mi ò bá a jiyàn rí. Èmi ni mo máa ń fọ ìyẹ̀fun tó lẹ̀ mọ́ ọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ bọ́ bẹ́líìtì kúrò, ẹ di ṣàfúùtù mú, ẹ mì ín. Tó bá ń ro kọ̀-kọ̀, bẹ́rìn ti jẹ.

Ẹnìkan ti béèrè lọ́wọ́ mi kí a tó wọlé nípa ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sọ́séèjì dán wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí bíléèdì ń dúró kò tíì gé e. Òótọ́ ni. SawStop lorúkọ rẹ̀. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Steve Gass, ló ronú rẹ̀ kalẹ̀ ní 1999. Wọ́n ń gba iná kékeré sára bíléèdì. Ara èèyàn máa ń fa iná, igi gbígbẹ kì í fà á, nítorí náà tí ara bá kàn án, ẹ̀rọ á mọ̀, á sì ta irin aluminiọ́mù kan mọ́ eyín. Bíléèdì á dúró kí ìdá kan nínú igba ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Ó dáa púpọ̀. Àmọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan péré, bíléèdì àti irin ìdádúró yẹn ti di ẹrù àkìtàn nìyẹn, igi tó tutù jù sì lè tàn án jẹ. Ẹ̀yin náà ẹ mọ irú pákó tí wọ́n ń tà fún wa. Ohun tó sì tún wà níbẹ̀ ni pé kò lè mọ pákó tó ń ta padà. Ẹni tó ra á ṣì nílò ọ̀bẹ ẹ̀yìn.

Arábìnrin tó wà lẹ́yìn yẹn gbé ọwọ́ sókè láti ẹ̀ẹ̀kan. Ó ní bó bá ti gé ìka ńkọ́? Ẹ ṣé, ìbéèrè gidi ni. Ẹ pa ẹ̀rọ. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà dáadáa, kí ẹ gbé ọwọ́ sókè ju àyà lọ. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má da ìyẹ̀fun igi sí i, mo ti rí méjèèjì. Ìka tó já, ẹ wá a. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tó tutù díẹ̀ wé e, ẹ fi sínú ọ̀rá, ẹ di ẹnu ọ̀rá, kí ẹ wá gbé ọ̀rá náà sínú omi oní-yìnyín. Kí yìnyín má fara kan ìka fúnra rẹ̀, yóò ba ẹran ara jẹ́. Ẹni tó ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ mọ orúkọ rẹ̀ láti òní. Kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn ńlá lọ tààrà.

Alága ti ń wo aago. Ẹ jẹ́ ká jáde sídìí ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ ìbòji yẹn. Wáyà rẹ̀ wà lórí tábìlì, mo ti yọ ọ́. Kí ẹni tó kéré jù lọ láàárín wa mú ṣọ́ọ̀kì, kó wá sàmì sí eyín kan.